Nítorí Oyin Ìsọmọlórúkọ, Wọ́n Ní Kí N Wá Kúnlẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ẹbí ọkọ mi yóò pé jọ sí pálọ̀ wa níhìn-ín ní Ìlọrin. Wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Bí mi ò bá ṣe é, ọkọ mi ní kí n kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi, kí n máa lọ sílé bàbá mi. Ọkùnrin tí adìẹ inú àgbàlá kì í bẹ̀rù! Òun náà ló wá ń lé mi. Kí ni mo ṣe? Ṣé mo jalè ni? Ṣé wọ́n ká ọkùnrin mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Rárá o. Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni mo dúró sí, tí mo ní ẹnikẹ́ni kò ní í fi oyin, iyọ̀ àti ataare sẹ́nu ọmọ tí kò tóbi ju bàtà ọkọ mi lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé ẹ̀rín ni mo fi ń rín, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò mọ ìgbà tí n ó dákẹ́.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀. Kánò ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ojú mi sì ti rí oríṣiríṣi ènìyàn kí n tó wá fẹ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ mi. Lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní ó mọ̀wé púpọ̀. Nílé, ohun tí ìyá rẹ̀ bá ti sọ ni òfin. Ìyá Ọ̀mù ni gbogbo wa ń pe ìyá náà. Obìnrin tó sanra, tó pupa, tó lè sunkún nígbà tó bá wù ú, tó sì lè dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí ènìyàn pa rédíò. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn ọmọ. Ìfẹ́ náà gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tèmi.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ni mo lóyún Fẹ́mi. Oyún náà kò tíì pé oṣù méje dáadáa tí ìrọbí fi ká mi mọ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Takisí tí wọ́n fi gbé mi lọ sí ọsibítù, awakọ̀ rẹ̀ kò tíì mọ ọwọ́ tó yẹ kó gbà. Ó ń bi ọkọ mi, ọkọ mi ń bi Ọlọ́run. Bí a ṣe débẹ̀ láàyè, mi ò lè sọ. Nígbà tí wọ́n fi ọmọ náà hàn mí, mo rò pé ọmọ ológbò ni. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mò ń rí iṣan lábẹ́ rẹ̀. Kò ké bí ọmọ. Ṣe ni ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí. Wọ́n gbé e lọ sínú àpótí onígíláàsì tí iná mànàmáná ń mú gbóná, wọ́n sì ní kí n máa bọ̀ wá wò ó.

Obìnrin kan ló ń ṣe àkóso wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Sístà là ń pè é. Ó ga bí òpó iná, ohùn rẹ̀ sì le bí ti kọ́ńdọ́kítọ̀. Ó máa ń pariwo mọ́ àwa ìyá ọmọ bí ẹni pé àwa la sọ fún ọmọ pé kó tètè jáde. Lọ́jọ́ tí omi ọmú mi kọ́kọ́ yọ, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ki. Ìyá Ọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó yínmú sí i.

“Fún un dà nù, ìyàwó. Èyí ti bàjẹ́. Ó ti pẹ́ jù nínú ọmú. Ó di ìgbà tí èyí tó funfun bá dé.”

Mo ti fẹ́ dà á nù tí Sístà fi jágbe mọ́ wa. “Màmá! Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò níbẹ̀! Èyí tí ẹ ní ó bàjẹ́ yìí, òun gan-an ni mò ń wá.” Ó yíjú sí mi. “Ìwọ, gbọ́ mi dáadáa. Ìfun ọmọ rẹ kò tíì gbó. Ó yẹ kó ṣì wà nínú rẹ, kó máa parí iṣẹ́ tó ń ṣe. Kò mọ nǹkan kan nípa oúnjẹ. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa kọ́ ọ, omi ọmú rẹ yìí ló sì máa kọ́kọ́ tẹ́ inú ìfun náà fún un. Tí o bá da ẹ̀kán kan nù, èmi pẹ̀lú rẹ ni.”

Ẹ wò ó, mi ò gbọ́n ju Ìyá Ọ̀mù lọ lọ́jọ́ náà. Ìbẹ̀rù Sístà ló jẹ́ kí n ṣe ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ tó ń ṣe, orí mi wú. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ihò imú Fẹ́mi wọ inú rẹ̀, nítorí kò tíì mọ bí ọmọ ṣe ń mu ọmú kó sì tún máa mí lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi yóò fún omi ọmú sínú kọ́ọ̀bù tí wọ́n ti sè nínú omi gbígbóná. Sístà yóò wọn díẹ̀ níbẹ̀, kò lè kún ìdérí ìgò, yóò sì jẹ́ kó máa ṣàn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rọ́bà náà. Kó tó fún un ní òmíràn, yóò fi síríńjì fa inú rẹ̀ wò bóyá ti ìṣáájú ti dà. Bó bá ti dà, yóò fi tíńtín kún un. Bí kò bá tíì dà, yóò ní ká dúró. Yóò gbọ́wọ́ lé ikùn ọmọ náà bóyá ó rọ̀ tàbí ó le. Ìgbẹ́ ọmọ náà, ẹ ò rí i bó ṣe ń wò ó, bí alágbẹ̀dẹ wúrà. Èmi tí mo máa ń fi gbogbo ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò rí ohun tí n ó fi rín nínú ìyẹn. Ọkọ mi ní tirẹ̀ gbé agolo wàrà ìyẹ̀fun kan dé, àwòrán ọmọ òyìnbó wà lára rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bí ti ẹni tó ń fẹ́ iná. Ó ní bó bá fi ń mu èyí, kò ní í pẹ́ tí Fẹ́mi yóò fi rí bẹ́ẹ̀. Sístà wo agolo, ó wo ọkọ mi. “Ọ̀gá, ẹ gbé e padà sílé kí ẹ fi mu tíì. Ti ìyàwó yín kò tíì tán.” Ọkọ mi sì gbé e lọ sílé lóòótọ́, ó fi mu tíì. Gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó ṣe nìyẹn.

Obìnrin kan wà tí a jọ ń fún omi ọmú, ọmọ Ìlọrin gan-an, láti Pàkátà. Ìyá Sáráà là ń pè é. Ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú àpótí. Lọ́jọ́ kan, bàbá ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà fi ìgò kan ránṣẹ́, omi tí wọ́n fi fọ wàláà lẹ́yìn tí wọ́n kọ àdúrà sí i. Wọ́n ní ọmọ ni kó mu ún. Ìyá Sáráà wo ìgò náà, ó wo rọ́bà tó wà nímú ọmọ rẹ̀, ó ní “Bísímíláhì,” ó sì gbé e mu tán láìfi ẹ̀kán kan sílẹ̀.

Mo ní, “Ìyá Sáráà, ọmọ ni wọ́n ní kó mu ún o.”

Ó nu ẹnu. “Kí ni ọmọ ń mu? Ṣebí èmi náà ni ọmọ ń mu? Wàláhì, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

Mo rín, mo rín, títí Sístà fi lé mi síta. Ó wá di nígbà tó yá kí n tó mọ̀ pé obìnrin yẹn ló ní làákàyè jù nínú gbogbo wa.

Ọjọ́ kẹjọ wá pé. Àwọn ẹbí kóra jọ sílé wa láti sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ wà nínú gíláàsì ní ọsibítù. Bàbá Kátíkíìsì, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ló ṣe olórí ètò. Ó gbé oyin sókè, ó gbé iyọ̀ sókè, ó ṣàdúrà sí wọn, àwọn àgbà tọ́ ọ wò, wọ́n pe orúkọ. Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Ìyá Ọ̀mù ní kò parí. Ó ní orúkọ tí ẹnu ọmọ kò bá tọ́ ọ wò, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sọ lórúkọ. Ó ní ọmọ tí kò ní orúkọ, kí ni yóò dúró ṣe láyé? Lójú ẹsẹ̀, ó jẹ orógbó àti ataare kúnná, ó pò ó mọ́ oyin àti iyọ̀ nínú abọ́ kékeré kan, ó fi ìborùn bò ó, ó di ọsibítù! Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbogbo èyí, lọ́jọ́ náà mi ò mọ̀ pé ó gbé nǹkan dání. Mo rò pé wọ́n fẹ́ wo ọmọ ni.

A débẹ̀ nígbà ìbẹ̀wò. Sístà ní kí wọ́n máa fi ojú wò ó láti ìta gíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Bàbá Kátíkíìsì rẹ́rìn-ín músẹ́. “Kò burú, ọmọ mi. Àdúrà ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà lófin?”

“Àdúrà kò lófin, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kúrú.”

“Ẹ jẹ́ ká di ojú wa.”

A dijú o! Sístà náà dijú, ọmọ ìjọ ni. Kúrú kẹ̀? Bàbá Kátíkíìsì bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà Édẹ́nì, ó gba ọ̀dọ̀ Nóà, ó gbàdúrà fún gómìnà, ó gbàdúrà fún àwọn ṣọ́jà, ó gbàdúrà fún òjò. Nígbà tí a ṣe “Àmín” tí mo lajú, Ìyá Ọ̀mù ni mo rí tó ń fi ọwọ́ òsì ti ilẹ̀kùn àpótí, tó ń fi ẹnu lá ìka ọ̀tún. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “Ó ti tọ́ ọ wò. Fẹ́mi ti di ènìyàn.”

Ataare! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ ataare rí, ẹ rántí bó ṣe ń jó àgbà lẹ́nu. Ẹ wá rò ó wò nínú ìfun tí kò tíì parí, tí wọ́n ń wọn omi ọmú ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀ bí oògùn. Mo sọ fún Sístà lójú ẹsẹ̀. Ó fi òwú nu ẹnu ọmọ náà, ó nu ún, ó nu ún, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ikùn Fẹ́mi ti wú, ó ń dán bíi bọ́ọ̀lù. Sístà fi síríńjì fa inú rẹ̀, ohun tó jáde dúdú bí omi ewé tí a gún. Wọ́n dá omi ọmú dúró. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lórí, wọ́n fa omi sí i. Dókítà wò ó, kò sọ fún wa ju pé ká máa retí. Ọjọ́ náà, Sístà kò pariwo mọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ọmú mi kún, ó ń ro mí, mò ń fún un sínú báásìn, mo sì ń dà á nù nítorí kò sí ẹni tí yóò mu ún. Ìyá ọkọ mi ńkọ́? Ó wà nílé, ó ń sọ fún àwọn tó wá kí wa pé ọmọ ń jagun, pé bí kì í bá ṣe orúkọ tó ti wọ ọ́ lẹ́nu ni, ìbá ti lọ.

Ọlọ́run ṣàánú mi. Ikùn náà rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Sístà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi ọmú tí kò pọ̀ tó omijé. Ó fún un, ó dúró, ó fa á wò, ó tún fún un. Lọ́jọ́ tí Fẹ́mi ya ìgbẹ́ tó dára, gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ló pàtẹ́wọ́, Ìyá Sáráà sì jó. Nígbà tó yá, ó mu ọmú fúnra rẹ̀, a sì gbé e wálé. Ó wà ní pámárì báyìí, ó lè jẹ ìyà, ó lè jẹ iyán.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó tún wá bí mi nínú. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ọ̀mù jáde síwájú lọ jẹ́rìí pé oyin òun ló mú ọmọ dúró! Kò dárúkọ Sístà. Kò dárúkọ omi ọmú mi. Àwọn ènìyàn ń ké “Halelúyà.” Mo ti fẹ́ dìde tí ọkọ mi fi di aṣọ mi mú. “Jọ̀ọ́, ìyá mi ni. Jẹ́ kó fi ṣe ìdùnnú. Ọmọ kúkú ti yè.” Mo jókòó. Láti ọdún náà, ẹ̀rí yẹn ń dàgbà ju Fẹ́mi lọ. Bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń fi nǹkan kún un. Ní báyìí, wọ́n ní ọmọ náà ti kú tán, ó tọ́ oyin wò, ó sì sín!

Ǹjẹ́ kí ló tún wá ṣẹlẹ̀? Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mo sọ ní Eyínmẹ́nugún láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn, tó jẹ́ tíṣà níhìn-ín, bí ọmọbìnrin kan láìpẹ́ yìí. Oṣù rẹ̀ kò pé. Wọ́ọ̀dù kan náà, àpótí gíláàsì, rọ́bà nímú. Sístà tèmi ti lọ sí ìlú mìíràn. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ló wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ tó mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbàlagbà. Mo wo ìkúnlẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé kò lè dá Ìyá Ọ̀mù dúró.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo ṣíwájú wọn débẹ̀. Wọ́n dé: Ìyá Ọ̀mù pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, Bàbá Kátíkíìsì pẹ̀lú ọ̀pá, àwọn obìnrin ìjọ lẹ́yìn wọn nínú aṣọ funfun. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo dìde, mo sì dúró sí àárín ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Kátíkíìsì ní, “Ẹ jẹ́ ká di ojú wa.”

“Ẹ máa gbàdúrà, Bàbá. Èmi ò ní í dijú.”

“Ìyàwó, yà lọ́nà,” Ìyá Ọ̀mù ní. “Ọmọ ọmọ mi ló wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀, Ìyá. Ohun tó jẹ́ kí n dúró nìyẹn. Ẹ bá mi ṣí ìborùn yín. Ohun tí ẹ ṣe fún Fẹ́mi, ẹ kò ní í ṣe é fún èyí.”

“Èmi? Kí ni mo ṣe Fẹ́mi? Ṣé Fẹ́mi kú ni?”

Ẹ̀yin èèyàn, ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo rẹ̀ tú síta. Mo ní, “Ó kù díẹ̀, Ìyá! Ikùn rẹ̀ wú, wọ́n dá oúnjẹ rẹ̀ dúró, ẹ sì lọ fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ẹ fi sí i lẹ́nu kọ́ ló gbà á là. Àwọn tó gbà á lọ́wọ́ nǹkan náà ló gbà á là!” Mo wá rántí Ìyá Sáráà. Mo ní, “Bí ó bá jẹ́ pé dandan ni kó wọ inú ọmọ, ẹ fún ìyá rẹ̀. Òun ni ọmọ ń mu.”

Eyínmẹ́nugún, tó ti wà nínú wọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, na ọwọ́ láti ẹ̀yìn mi. “Ẹ fún mi, Màmá. N ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, n ó lá abọ́.”

Ṣé ẹ rò pé Ìyá Ọ̀mù gbà? Ó ní a fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ìta. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó sì lọ. Kí n tó délé, ẹkún rẹ̀ ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi.

Ọmọ náà wà láàyè o. Nọ́ọ̀sì ní ikùn rẹ̀ rọ̀, omi ọmú tí wọ́n ń fún un sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì jìn. Eyínmẹ́nugún pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lánàá. “Ìyàwó wa, èmi nìkan ò lè dá Màmá dúró. Tí o bá lọ sọ pé irọ́ lo pa, ọjọ́ náà ni wọ́n á wọlé.” Ohun tí àwọn ẹbí ń wá gan-an nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ. Orúnkún mi kọ́ ni wọ́n fẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń kúnlẹ̀ kí obìnrin náà láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó wọn, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ló ṣòro. Irọ́ tí wọ́n ní kí n fi ẹnu mi pa yẹn, ẹnu ọmọ jòjòló kan ni yóò gbà wọlé.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Àìkú, n ó kúnlẹ̀. N ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú pé mo gbóhùn sókè sí yín níwájú àlejò.” Ìyẹn, òótọ́ ni, mo gbé e sókè. Bí wọ́n bá ń retí ìyókù, kí wọ́n máa retí rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí oyin dúró, kí iyọ̀ dúró, kí ataare dúró, kí agolo ọmọ òyìnbó dúró. Ẹ fún ìyá ọmọ jẹ. Ẹ pe orúkọ náà kíkan láti ìta gíláàsì, ọmọ yóò gbọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti bá ọ̀rọ̀ irú èyí pàdé nínú ilé ọkọ, báwo ni ẹ ṣe ṣe é tí ilé kò fi tú? Ẹ rò ó, kí ẹ fún mi lésì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá mi wálé nígbà ìbẹ̀wò, ẹ kò ní í bá mi. Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni mo máa ń wà, ojú mi kì í sì í dì níbẹ̀.